Adití Ni Ọmọ Mi, Kì í Ṣe Aláfojúdi

Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
Ilé Kẹtàdínlógún,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìbáwí Eré Bọ́ọ̀lù Alájùsáwọ̀n,
Yàrá Kẹrin, Gbọ̀ngàn Eré Ìdárayá.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ TÚN ẸJỌ́ ELÉRÉ ONÍNỌ́ŃBÀ MÉJE GBỌ́

1. Èmi ni ìyá tó bí eléré tó ń wọ nọ́ńbà méje nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àdúgbò wa. Lẹ́tà yín dé ọwọ́ wa ní ọjọ́ kejì oṣù yìí, pé kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ pápá fún ọdún kan gbáko. Ọmọ ogún ọdún ni. Láti ọmọ ọdún méjì ni etí rẹ̀ ti di. Mo wá ibi tí mo lè kọ ìyẹn sí nínú fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ yín, n kò rí, ni mo bá fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò rẹ̀. Ó dá mi lójú pé kò sí ẹni tó kà á.

2. Ọdún mẹ́fà ni rẹfirí kan ṣoṣo fi darí eré wa, onígbàjámọ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Fèrè. Bí ó bá fọn fèrè mọ́ ọmọ mi, kì í kọ́kọ́ yíjú sí tábìlì àwọn akọ̀wé eré. Ọmọ mi ni yóò kọ́kọ́ kọjú sí, á fi ọwọ́ júwe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un. Bí ọmọ mi bá ti ènìyàn, Bàbá Fèrè á na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Bó bá kọlu ènìyàn, á fi ìkúùkù gbá àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Òun náà ló kọ́ ọ pé bí kò bá rí ọwọ́ òun, kó fọwọ́ kan òun léjìká, kó sì béèrè. Gbogbo wa la mọ àdéhùn yìí. A kò kọ ọ́ sínú ìwé, àṣìṣe wa nìyẹn. Bàbá Fèrè kú ní oṣù Kejì. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un.

3. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Karùn-ún, ẹ rán rẹfirí tuntun sí wa. Ọmọ mi já bọ́ọ̀lù gbà, ó sáré lọ síwájú lóun nìkan. Rẹfirí fọn fèrè, ó ní ọmọ mi ti ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí àwọn yòókù bá dúró ni ọmọ mi fi ń mọ̀ pé fèrè ti dún. Lọ́jọ́ yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Ó dé ìdí àwọ̀n, ó ju bọ́ọ̀lù, ó wọlé. Inú rẹ̀ dùn. Ìgbà tó yíjú padà ló rí i pé gbogbo ènìyàn ti dúró, rẹfirí sì ti kẹ̀yìn sí i, ó kọjú sí tábìlì.

4. Ó lọ fọwọ́ kàn án léjìká. Rẹfirí fò sẹ́yìn. Ọmọ mi wá fi ìkúùkù gbá àtẹ́lẹwọ́, ó gbójú sókè bí ẹni ń béèrè: ṣé mo kọlù ú ni? Ìròyìn rẹfirí ní eléré náà kọ etí ikún sí fèrè, ó fọwọ́ kan adájọ́ eré, ó sì fi ìkúùkù halẹ̀ mọ́ ọn. Kò parọ́ o. Ohun tójú rẹ̀ rí ló kọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ jókòó lé ẹjọ́ náà kò ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ dákun, òwe ni mo pa, n kò bú yín.

5. Mo ní ẹ̀bi tèmi. Orí bẹ́ǹṣì kẹta ni mo jókòó sí, ó sì ṣojú mi kòró. Ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ní òǹwòran kò gbọdọ̀ wọ pápá. Mo di àpò mi mú, mo pa òfin mọ́, wọ́n sì mú un jáde. Ojú mi ló ń wò bí wọ́n ṣe ń mú un lọ. N kò tíì lè dárí ji ara mi.

6. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ kò lè mọ̀. Kò sí ilé-ìwé adití nítòsí wa. Ọwọ́ rẹfirí ni èdè tí èmi àti ọmọ mi ń sọ nínú ilé. Bí mo bá dínà mọ́ ọn lẹ́nu ilé ìdáná, á fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí: fáwùlù ìdínà. Bí mo bá jáde láìdágbére, á máa yí ìkúùkù méjèèjì po, pé mo rin ìrìnkurìn. Lọ́jọ́ tí mo gé aṣọ oníbàárà kúrú, ó na ìka sí ẹnu ọ̀nà, ó lé mi jáde nínú ṣọ́ọ̀bù ara mi. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

7. Mo bẹ̀ yín, ẹ fagi lé ìyà ọdún kan yìí. Ẹ sì pàṣẹ fún àwọn rẹfirí yín pé kí wọ́n kọjú sí eléré, kí wọ́n fi ọwọ́ hàn án, kí wọ́n tó kọjú sí tábìlì. Kò gba àkókò. N kò ní kí ẹ pa fáwùlù náà rẹ́: ó ti ọmọ ọlọ́mọ, mo rí i.

8. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà yín ti dé ni ọmọ mi ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. Lánàá, mo mọ̀ọ́mọ̀ lọ dínà mọ́ ọn lẹ́nu ilé ìdáná. Ó kàn dúró, ó ń wo ilẹ̀, títí mo fi yà fún un.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tó ń retí yín,
Ìyá Onínọ́ńbà Méje,
Aránṣọ.