Ṣíbí Àkọ́kọ́ Nínú Àwo Ẹ̀gbọ́n Mi

Àbámẹ́ta, 3 Èbìbí

Ilé oúnjẹ tuntun mìíràn lónìí. Èmi àti Bọ̀dá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Iṣẹ́ aránṣọ ló ń ṣe. Ibi tòní, mo sọ ọ́ ní Ilé Àga Gíga. Àga tó ga bí àkàbà! Kí ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún máa gun àga kó tó jẹun? Ẹsẹ̀ Bọ̀dá ń fì bíi ti ọmọ tí wọ́n gbé ka orí tábìlì. Orin ń dún, àyà mi ń bá a dún. Ṣùgbọ́n oúnjẹ wọn — kí n má purọ́ — adìyẹ yíyan, ànàmọ́ díndín, òórùn rẹ̀ ń fa itọ́ lẹ́nu èèyàn.

Mo ní, "Ẹ máa jẹun, Bọ̀dá." Ó ní, "Ìwọ náà máa jẹ." Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ bù ú." Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé fọ́ọ̀kì. Ó gbé e sílẹ̀. Ó wo àwo náà bí ẹni tó ń retí nǹkan láti inú rẹ̀. Ó ní orin yẹn pọ̀ jù. Títí a fi sọ̀rọ̀ orin tán, ọ̀rá ti dì sára adìyẹ. Ó wá bu díẹ̀ jẹ, ó ń gbé e mì bí ẹni tó ń lo oògùn, ó ní òun ti yó.

Yó kẹ̀! Irọ́ ni.

Àìkú, 4 Èbìbí

Mo lọ kó aṣọ rẹ̀ wá fọ̀. Ṣòkòtò dúdú tó máa ń wọ̀ jáde — mo yí inú rẹ̀ síta kí n tó rì í bọ omi. Ojú rírán kan wà níbàdí. Òmíràn tún wà nínú ìyẹn. Òmíràn tún wà nínú èyí tó wà nínú. Ó ń dín in. Bó ṣe ń rù ló ń dín in, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ débi pé láti ìta, ṣòkòtò náà bá a mu rẹ́gí. Gbogbo wa là ń sọ pé, "Bọ̀dá kúkú ń gbìyànjú, ara wọn ò fà." Abẹ́rẹ́ ló ń bá a purọ́ fún wa!

Mo jókòó ti báàfù omi. Inú ń bí mi, mo sì ń sunkún. Láti ìgbà tí ìyàwó wa ti kú ni kò ti jẹun dáadáa mọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi yẹn ló sọ mí ní Eyínmẹ́nugún. Ó bá mi nílé ọkọ, kò lè pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ló bá wo ẹ̀rín mi, ó fi sọ mí. Kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọjọ́rú, 7 Èbìbí

Ọ̀dọ̀ dókítà. Bọ̀dá gun òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n tún lọ sílẹ̀. Dókítà ní àwọn ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àwọn ti yẹ inú wò, àwọn ti yẹ ọ̀fun wò, kò sí àìsàn kankan. Kó ṣáà máa jẹun. Bó bá tún rù sí i kí oṣù yìí tó parí, àwọn á dá a dúró sí ọsibítù, wọn á ki rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú, ibẹ̀ ni wọn á ti máa bọ́ ọ.

Bọ̀dá ní, "Ẹ ṣeun, dókítà," bí ẹni tí wọ́n kí ní ẹ káàárọ̀. Èmi ni mò ń làágùn.

Mo bi í lọ́nà pé kí ló dé tí ẹ kì í jẹun. Ó ní òun ń jẹun. Ó wá ń bá mi sọ̀rọ̀ òjò.

Àbámẹ́ta, 10 Èbìbí

Ibòmíràn tuntun, ẹ̀yìn báńkì. Kò sí ìwé oúnjẹ. Àwòrán dúdú àti funfun kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ tábìlì, wọ́n ní ká fi fóònù yà á, a ó rí gbogbo ohun tí wọ́n ń tà. Bọ̀dá béèrè bóyá inú fóònù náà ni wọ́n ti ń dáná. Orí pákó ni wọ́n gbé ẹja wá — pákó, kì í ṣe àwo! Ó fọwọ́ pa á, ó ní pákó yìí dán, òun ì bá rí irú rẹ̀ gé aṣọ lé lórí. Ẹ̀rín pa mí. Mo ní lónìí ó dáa, ara rẹ̀ yá, á jẹun.

Mo dúró dè é. Òun náà jókòó. Mi ò lè kọ́kọ́ bu oúnjẹ níwájú ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá dán an wò, ìyá wa á ti ibi tó wà fà mí létí. Ẹja tutù. Tèmi náà tutù. Mo jẹ tèmi tán tìbínú-tìbínú, tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má dín.

Mo ti ń mú Bọ̀dá kiri gbogbo ilé oúnjẹ ìlú yìí. Mo rò pé bí adùn bá yàtọ̀, ẹnu rẹ̀ á ṣí. Ṣé adùn kọ́ ni?

Ajé, 12 Èbìbí

Obìnrin kan wọ gbogbo awò ojú tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wò, ó ní òun á padà wá. Wọn kì í padà wá.

Ọjọ́bọ̀, 15 Èbìbí

Ọmọ Bọ̀dá obìnrin pè láti òkè òkun. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Dádì ń jẹun?" Mo ní ó ń jẹun. Kí ni kí n sọ? Ọ̀nà jìn, kò lè fò wá. Ó ní nígbà tí òun wà nílé, oúnjẹ kì í ṣẹ́ kù nínú àwo Dádì òun; Dádì àti Mọ́mì kì í yé jà sí àwo kan ṣoṣo. Ó rẹ́rìn-ín. A kí ara wa pé ó dàárọ̀.

Oṣù ń lọ. Mi ò fẹ́ rí rọ́bà nímú ẹ̀gbọ́n mi.

Àbámẹ́ta, 17 Èbìbí

Jẹ́ kí n rọra kọ ọ́.

Iṣẹ́ ò jẹ́ kí n jẹun láti àárọ̀. Mo sáré lọ bá Bọ̀dá níbi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lọ́sẹ̀ yìí, Ilé Alábẹ́ńṣì. Bẹ́ńṣì gbọọrọ, ìwọ àti ẹni tí o ò mọ̀ rí á jọ fẹ̀gbẹ́ kan ara yín. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ ń kọlu ara wọn kiri. Wọ́n gbé ti Bọ̀dá dé: ìrẹsì, ẹran, ọbẹ̀ tó ń hó lórí ẹ̀. Wọn ò gbé tèmi dé. Mo pe ọmọbìnrin náà. "Ó ń bọ̀, mà." Ó kọjá. Mo tún pè é. "Ó ń bọ̀, mà." Bí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀.

Bọ̀dá kó ọwọ́ sábẹ́ tábìlì, ó ń wo àwo rẹ̀ bó ṣe máa ń wò ó. Èéfín oúnjẹ yẹn ń fẹ́ sí mi nímú. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àfi bí mo ṣe na ọwọ́. Mo fi ṣíbí mi bu ìrẹsì láàárín gbùngbùn àwo rẹ̀, mo kó ẹran lé e, mo jẹ ẹ́.

Ìgbà tí mo gbé e mì ni ojú mi là. Èmi! Tí irun mi ti ń funfun! Ọwọ́ mi nínú àwo ẹ̀gbọ́n mi! Ọkùnrin tó fẹ̀gbẹ́ kàn mí pàápàá dá ẹnu dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ — Bọ̀dá, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, ebi ló —

Kò bínú. Ẹnu mi ló ń wò.

Ó ní, "Báwo ló ṣe rí?"

Mo ní, "Kí ni, sà?"

"Oúnjẹ náà. Ṣé ó dáa?"

Mo ní ó dáa. Mo ní iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé, ata rẹ̀ ló ta díẹ̀.

Ló bá gbé ṣíbí. Ó jẹun. Mo ní ó jẹun! Ó ń jẹ, ó ń gba ata mọ́ra, imú rẹ̀ ń ṣomi, ó tún béèrè búrẹ́dì, ó fi nu àwo. Wọ́n gbé tèmi dé, mi ò lè fẹnu kàn án. Mo sá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, mo sunkún níbẹ̀, mo wo ara mi nínú dígí, ẹ̀rín dé. Ayọ̀ pọ̀ ju ara mi lọ.

Àìkú, 18 Èbìbí

Oorun ò kùn mí. Mo ń rò ó pé ṣé ìrẹsì yẹn ni, ṣé ata yẹn ni, àbí kí ni. Mo se ẹ̀wà, mo gbé e lọ ilé rẹ̀. Mo bu tirẹ̀, mo gbé e síwájú rẹ̀. Mi ò sọ pé ẹ máa jẹun. Mo mọ̀ọ́mọ̀ bu ṣíbí kan nínú ẹ̀. Mo wẹ̀yìn wò bí ẹni tí ìyá wa ń ṣọ́. Ẹ̀kọ́ ilé kì í kúrò lára lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Ó dáa."

Ó jẹ ẹ́ tán. Nígbà tó ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

Ó ní oúnjẹ àkọ́kọ́ tí ìyàwó wa sè fún òun lẹ́yìn ìgbéyàwó, iyọ̀ ló fi pa á. Ìyàwó náà ń sunkún. Òun wá ní kó má sunkún mọ́, láti òní lọ kó máa bá òun tọ́ ọ wò kóun tó jẹ. Àwàdà ni. Àwàdà yẹn ni wọ́n ń ṣe títí ọmọ fi dé, títí ọmọ fi lọ. Bí àlejò bá wà, inú kíṣìnnì ló ti máa ń tọ́ ọ wò, kí wọ́n má baà sọ pé ó ń ṣe wọ̀bìà. Ìdí nìyẹn tí èmi ò fi rí i rí.

"Bí mo bá jókòó ti oúnjẹ báyìí, ọwọ́ ẹ̀ ni mò ń retí. Tí mi ò bá rí i, ọ̀fun mi ò ní ṣí."

Mo ní kí ló dé tẹ́ ò sọ. Ó ní, "Kí n sọ pé kí ni? Pé àgbàlagbà bíi tèmi ò lè jẹun àfi kí wọ́n bá a tọ́ ọ wò?"

Èmi sì rèé! Gbogbo ibi tá a lọ, mò ń dúró kí àgbà kọ́kọ́ bù ú, òun ń dúró kí ẹnì kan bá òun bù ú. Ọmọlúwàbí méjì jókòó, oúnjẹ ń tutù. Ìwà rere fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mi pa ẹ̀gbọ́n mi.

Ọjọ́rú, 21 Èbìbí

Mò ń gba ilé rẹ̀ kọjá kí n tó lọ síbi iṣẹ́, láti lọ jí ẹyin rẹ̀ jẹ. Mo ti di olè ẹyin.

Àbámẹ́ta, 24 Èbìbí

Ilé oúnjẹ aláfẹ́ kan. Àwo tó fẹ̀ bí ọpọ́n ìfọṣọ, oúnjẹ tó kéré bíi ti ológbò, ọbẹ̀ tí wọ́n kán tó-tó-tó yí i ká. Mo tọ́ ti Bọ̀dá wò, ó kù díẹ̀ kó tán. Ó wo àwo, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. A tún pè fún òmíràn. Ọmọ tó ń gbé oúnjẹ wò mí bí alájẹkì. Kò burú. Ẹ jẹ́ kó máa wò mí.

Ìṣẹ́gun, 27 Èbìbí

Òṣùwọ̀n gòkè! Díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó gòkè. Dókítà ní kò sí ọ̀rọ̀ rọ́bà mọ́, kí a máa bá a lọ. Ó béèrè ohun tá a ń lò. Bọ̀dá ní, "Olè ni o. Àbúrò mi ló ń jí mi lóúnjẹ jẹ." Dókítà ò mọ èyí tóun máa kọ sílẹ̀.

Ara mi fúyẹ́, mo fẹsẹ̀ rìn délé. Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ọjọ́ tí mi ò bá sí ńkọ́? Ọjọ́ tí ara mi ò bá dá?

Àbámẹ́ta, 31 Èbìbí

Obìnrin awò ojú yẹn padà wá. Ọjọ́ wo ni kò rí wá, àfi ọjọ́ tí mo ti bá Bọ̀dá ṣàdéhùn láti jọ jẹun níta! Ó tún wọ gbogbo rẹ̀ wò látòkèdélẹ̀. Fóònù mi ti kú. Nígbà tó fi rà á tí mo fi já ìta, mo ti pẹ́ gan-an. Mo ń sáré, mò ń rí i lọ́kàn mi: Bọ̀dá nìkan níwájú àwo, ọwọ́ lábẹ́ tábìlì, ọ̀rá ń dì.

Mo já wọ ilé oúnjẹ náà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ síwájú mi, àwo méjì ló wà lórí tábìlì. Tirẹ̀ ti dé ìdajì. Ẹnu rẹ̀ kún. Ó dìde fa àga fún mi, mo sì rí ìbàdí ṣòkòtò dúdú yẹn: ó ti tú ojú rírán kan, ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ tò lórí aṣọ, kò tiẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti bò ó.

Mo ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Mo ní, Bọ̀dá, ta ló bá yín tọ́ ọ wò?

Ó fọwọ́ júwe àwo mi. Igun kan ti kúrò lára ẹja mi.

Ó ní, "Tìẹ ni mo kọ́kọ́ tọ́ wò. Ó dáa. Eyínmẹ́nugún, jókòó, jẹun."

Mo jókòó. Mo jẹ ẹ́. Ó ṣì gbóná.