Àbàwọ́n Tí Alága Jókòó Lé

Yàrá Kejì,
Ẹ̀yìn Ilé Ìkàwé.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó wà? Orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Ara tèmi le, àfi ojú tó ní dandan ni kí n ra awò tuntun.

O mọ̀ pé ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé wa ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Lọ́jọ́ Ẹtì, a dé orí ọ̀rọ̀ náà, àbàwọ́n. Alága wa, tí a ń pè ní Ó-Yé-Mi-Jù lẹ́yìn rẹ̀, ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló ní: ohun ìtìjú lára ènìyàn. Mo ní alágbàfọ̀ ń pe epo tó kán sí aṣọ ní àbàwọ́n, àwọn àgbà sì ń pe ìwà tó ba orúkọ ìdílé jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n má da ìpàdé rú.

Ọjọ́ náà la fẹ́ gba ẹni tí yóò máa yá àwọn ènìyàn níwèé. Ọmọbìnrin kan ta gbogbo àwọn yòókù tó wá wá iṣẹ́ náà yọ, ṣùgbọ́n omi gbígbóná ti bó o lẹ́rẹ̀kẹ́ nígbà èwe. Alága ní, létí ọmọ náà, "Irú àbàwọ́n yẹn kò yẹ lẹ́nu ọ̀nà wa."

Ló bá jókòó. Páàdì íńkì tí a fi ń lu òǹtẹ̀ wà ní ṣíṣí lórí àga rẹ̀. Mo ti rí i kó tó jókòó, ṣùgbọ́n mo ń wo àjà bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Nígbà tó dìde láti sọ̀rọ̀ ìparí, ìdí ṣòkòtò funfun rẹ̀ ti di búlúù. Ó ń tẹnu mọ́ ìtìjú, àwa ń jẹ ètè mọ́ ẹ̀rín. Ọmọbìnrin náà ló lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ara bò ó, ó sọ wẹ́lẹ́ pé, "Bàbá, íńkì ti kó bá yín. Ẹ gba ìborùn mi, kí ẹ ró o."

Alága fọwọ́ nù ún, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ náà di búlúù. Ó ró ìborùn olódòdó, ó jókòó jẹ́ẹ́.

Akọ̀wé bi í pé, "Ṣé kí n kọ ọ́ pé ohun ìtìjú ni àbàwọ́n?"

"Kọ ọ́ pé ọṣẹ lè mú un kúrò."

"Ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ńkọ́?" Èmi ni o, o mọ̀ mí.

Ó wo ọmọ náà títí. "Àpá nìyẹn. Kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Ó bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Alága ló kọ́kọ́ wá yá ìwé. Ọmọ náà wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ṣì búlúù, ó rọra fa ìwé sẹ́yìn: "Bàbá, ẹ kọ́kọ́ lọ fọwọ́." Alága lọ, kò janpata.

Bá mi kí ìyàwó àti gbogbo ilé.

Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ rẹ tẹ́nu rẹ̀ kì í dákẹ́,
Tíṣà Ṣọ́ọ̀kì