Ihò Kejì Lẹ́yìn Tẹlifíṣọ̀n

Ọjọ́ Ajé, 6 Ṣẹ́rẹ́
Tẹlifíṣọ̀n kú láàárọ̀ yìí. Yìnyín ò jẹ́ kí n gbé e jáde. Aili ìyàwó mi ní, "Bàbá Sirkka, ẹ má fi òkú sílẹ̀ ní pálọ̀ o." Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 8 Ṣẹ́rẹ́
Mo pe Ọ̀gá Àgbà — Sirkka, ọmọ wa. Òun ló fẹ́ ra òmíràn. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ro mí. Etí mi ò gbọ́ ohùn tẹlifíṣọ̀n mọ́, àfi kí n gbé ìjánu wọ orí, ohun tó ń sọ̀rọ̀ sí mi létí. Ìjánu ò ní wáyà; àpótí kékeré rẹ̀ ni à ń so mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ihò ìjánu etí nìkan ló bá wà níbẹ̀, tí a bá ti so ó pẹ́nrẹ́n, sípíkà á yadi. Aili ò ní gbọ́ nǹkan kan. Èyí tó níhò kejì ni mo fẹ́, ihò tí iná pupa ń tàn nínú rẹ̀, kí àwa méjèèjì lè jọ gbọ́. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra la ti jọ ń wo họ́kì, eré orí yìnyín, ní Sátidé. Bí ọ̀kan bá gbọ́ tí èkejì ò gbọ́, kí la jọ ń wò?
"Dádì, mo ti gbọ́. Iná pupa. Ẹ jẹ́ n sinmi."
Kò kọ ọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 9 Ṣẹ́rẹ́
Bó bá gbàgbé ńkọ́?

Sátidé, 11 Ṣẹ́rẹ́
Wọ́n gbé e dé. Fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn rẹ̀ — ihò kan ṣoṣo, ti etí. Mo so ìjánu mọ́ ọn, pálọ̀ pa lọ́lọ́. Aili ń hun ìbọ̀sẹ̀, ó ń wo àwọn ọmọ Toronto bí ẹni ń wo ẹja nínú gíláàsì. "Ẹ gbọ́ tiyín. Ojú mi ń ríran." Obìnrin onísùúrù!
Mo pe Sirkka, mo bú u dáadáa. "Ẹ bi Mọ́mì," ló wí, ó pa fóònù. Kí ni kí n bi í?

Ọjọ́ Ajé, 13 Ṣẹ́rẹ́
Mo pe ṣọ́ọ̀bù. Oníhò méjì wà! Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa wá pààrọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún Aili. "Ṣé dandan ni?" ló sọ. Kọfí tutù mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Ṣẹ́rẹ́
Bátìrì ìjánu kú bí eré ṣe ń lọ. Ilé dákẹ́. Aili wà lórí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni tó dá wà. Etí mi lè má gbọ́ ti tẹlifíṣọ̀n, ó mọ ohùn Aili.
"Sirkka, wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ o! Ṣebí mo ní kó o má ra oníhò méjì? Họ́kì ti sú mi láti ọjọ́ ìgbéyàwó, àlàyé bàbá ẹ lórí ẹ̀ ló wá burú jù. Ìgbà tó bá gbé nǹkan yẹn sétí nìkan ni mo ń sinmi nílé yìí." Ó rẹ́rìn-ín. "Kò lè gbọ́. Ó ń mi orí bí alángbá."
Lóòótọ́ ni. Mo ń mi orí.

Ọjọ́bọ̀, 16 Ṣẹ́rẹ́
Mo dá ọkọ̀ ṣọ́ọ̀bù padà. Mo ní èyí tó wà nílé ti tó. Aili yan búrẹ́dì pulla. Ó dùn.

Sátidé, 18 Ṣẹ́rẹ́
Họ́kì. Mo gbé ìjánu wọ orí. Mi ò fi bátìrì sí i. Mo ń mi orí.