Àtàǹpàkò Baba Mi Kì Í Ṣe Ìdọ̀tí

Ojú Ọrẹ,
Ọ̀tà.
Ọjọ́ Àìkú.

Ẹ̀gbọ́n mi Bọ̀wálé,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbà á ládùúrà pé kí ara yín le, kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ náà sì wà ní àlàáfíà. Àwa náà ń bẹ, àmọ́ inú ń bí mi sí yín gidigidi. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ kò ti gbé ìpè mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Hafeez tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà yín ní Toll Gate fi bébà yìí lé yín lọ́wọ́.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kun ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ sínú eré kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn èèyàn fi ń wa ọkọ̀ òfuurufú láti inú yàrá wọn. Mi ò sẹ́ oore. Ẹ sì mọ ìdí tí mo fi kọ́ ọ. Ogún ọdún ni baba mi fi kun ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà. Wọ́n ti gé gbogbo wọn tà fún àwọn onírin. Èyí tó fẹ́ràn jù, onílà àwọ̀ ewé yẹn, kò sí láyé mọ́, àfi èyí tí mo kùn.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi kùn ún. Fọ́tò kan ṣoṣo tí Baba ní ti ṣá, kò ṣeé fi mọ àwọ̀. Ni mo bá ń po ọ̀dà gidi ní ilé iṣẹ́ ọ̀dà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ń fi kun páànù, mo ń gbé e lọ bá Baba nínú oòrùn. Á ní, "Èyí mọ́lẹ̀ jù, ṣé ọsàn àìpọ́n la fẹ́ kùn ni?" Nígbà tó di páànù kọkànlá, ó pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ yẹn ló sọ àṣírí kan fún mi. Gbogbo ọkọ̀ tó bá kùn tán, kí ọ̀dà tó gbẹ, á fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó ní, "Wọn kì í jẹ́ ká kọ orúkọ wa, orúkọ mi nìyẹn." Ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún mi, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sì fi í síbi tó yẹ kó wà.

Ẹ ní kí n fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára lórúkọ ara yín! Kò tán síbẹ̀ o. Ẹ tún kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Mo ti nu ìdọ̀tí kan tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn." Ìdọ̀tí kẹ̀! Báwo lẹnu yín ṣe gbà á? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ẹ̀yin àgbà gan-an lẹ wá fọwọ́ ara yín wọ́ ọ.

Mo ka ohun tí ẹ kọ sí Baba létí, mo rò pé yóò bínú. Kò bínú. Ó wo àtàǹpàkò rẹ̀ títí, ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀, ó ní, "Bóyá ó dọ̀tí lóòótọ́." Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin! Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Mi ò bá yín du orúkọ, ẹ máa mú ìyìn yín lọ. Ẹ dá àtàǹpàkò baba mi padà síbẹ̀, kí ẹ sì wá dọ̀bálẹ̀ fún un nílé. Bí mo bá ṣì ń pè yín ní ẹ̀gbọ́n, ẹ̀kọ́ ilé tí Baba kọ́ mi ló fà á.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n nu iṣẹ́ ọwọ́ tiyín nù lójú yín. Kó jẹ́ kí ojú tì yín díẹ̀, kó sì ṣàánú yín púpọ̀.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ ṣẹ̀,
Ṣàkírátù Ọ̀ṣìnúbí.

Àfikún: Ohun aláwọ̀ ewé tí ẹ rí nísàlẹ̀ bébà yìí, Baba ló tẹ̀ ẹ́. Mo dúró kó gbẹ kí n tó ká a. Ẹ má nù ún o.