Irun Tí Mo Gé Lórí Orrin

Wendell ọmọ mi,

Bàbá rẹ ń kí ọ. Lavinia àbúrò rẹ obìnrin àti ọkọ rẹ̀ tuntun náà ń kí ọ. Ikọ́ mi ti lọ, a sì ti ká èso ápù tán. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì borí lẹ́ẹ̀mẹfà ní sáà yìí, wọ́n pàdánù ẹyọ kan, èyí tó pa Orrin àbúrò rẹ.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù náà máa ń forí kọlu ara wọn, wọn kì í sì í dé nǹkan kan sórí, irun ni wọ́n ń dá sí fún ààbò. Nígbà ìgbéyàwó Lavinia, mo ní, "Orrin, ṣé gọ̀gọ̀ ẹṣin lo máa gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ rọra o, fìlà mi lẹ fẹ́ gé yẹn!"

Mo gé e mọ́lẹ̀. Sátidé tó tẹ̀lé e ló forí gbálẹ̀ ní pápá.

Bàbá rẹ kọ̀, kò bínú sí mi. Bí ìwọ bá bínú, jọ̀wọ́ kọ ọ́ sí mi nínú lẹ́tà rẹ. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ sí fún mi ní Montana.

Ìyá rẹ,
Hester