Ẹni Tó Ń Ti Àga Kì Í Rí Ojú

                                        Yàrá Ìgbàlejò,
                                        Ilé Ìtura Etí Òkun,
                                        Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹjọ.

Oníṣirò, ọ̀rẹ́ mi àtọdúnmọ́dún,

"Nínú ìsinmi yìí, kò sí ohun kan tó máa ṣẹlẹ̀ tí kò sí nínú ìwé yìí." Báyìí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wí lọ́jọ́ tí a dé, nígbà tó dúró lórí àtẹ̀gùn ilé ìtura, tó na ìwé olójú-ewé mẹ́jọ sókè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè mímọ́. Mo kọ ọ́ fún ọ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó sọnù.

Ṣùgbọ́n kí n má fi ìkíni sílẹ̀ bí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu? Àwọn ọmọ-ọmọ tí ń fi awò ojú rẹ ṣeré ńkọ́? Ṣé o ṣì ń bá ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò jiyàn, tí o ń bá a tún ìṣirò rẹ̀ ṣe láti orí ìjókòó rẹ? Ní tèmi, ara le, àfi ọwọ́ méjèèjì tó ń ro mí, ìdí abájọ sì nìyí.

O rántí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí mi aránṣọ, àwọn tó rán ṣòkòtò tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí èmi àti ìwọ kọ́kọ́ pàdé nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n ti pé ọdún méjìlélọ́gọ́rin, ẹsẹ̀ wọn kò sì gbé wọn mọ́. Ọmọ wọn àgbà ló kó gbogbo ìdílé wá sí etí òkun fún ọjọ́ márùn-ún. Alága là ń pè é, nítorí kò sí ìpàdé tí kì í darí, ìbáà jẹ́ ìpàdé ẹni méjì. Ọmọ là ń pè ní Alága, ìyá ló ni àga, kò sì sí ẹni tó bi ìyá léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ kí àga náà lọ.

Èmi ni wọ́n yàn láti máa ti àga onítáyà náà. "Tíṣà ti fẹ̀yìn tì," Alága wí, "ọwọ́ wọn dilẹ̀." Ọ̀rẹ́ mi, iṣẹ́ ni! Èèpo ọsàn lásán tó há sí táyà kékeré iwájú, ó lè dá odidi ìrìnàjò dúró. Tí a bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti ojú títì, ẹ̀yìn la fi ń sọ̀. Ọ̀nà tí mo ti ń pè ní pẹrẹsẹ láti ìgbà tí mo ti dáyé, àga ló kọ́ mi pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni gbogbo wọn.

Búréèkì ńkọ́? Alága ní òun ti yẹ̀ ẹ́ wò fúnra òun. Lọ́jọ́ kìíní, bó ṣe ń bá wa sọ̀rọ̀ lórí ààbò ẹ̀mí, ni àga rọra gbé ìyá rẹ̀ lọ sínú ọgbà òdòdó. Gbogbo wa pariwo. Àǹtí ní, "Ẹ jẹ́ ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, òdòdó yìí ń ta sánsán." Láti ọjọ́ náà, n kò fi ọwọ́ àga sílẹ̀ mọ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ ni pé ogójì ọdún ni mo fi kọ́ni, ojú ọmọ ni mo sì ń kà. Kí ọmọ tó la ẹnu, mo ti mọ̀ bóyá irọ́ ló fẹ́ pa. Ní ọjọ́ márùn-ún yìí, ẹ̀yìn ìborí Àǹtí mi ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ìborí kì í ṣe ìwé tí ènìyàn lè kà.

Ó wá di àárọ̀ òní tí a fẹ́ padà sílé. Ojú-ewé kẹjọ ní: "Aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá: Màmá yóò gba afẹ́fẹ́ òkun. Tíṣà yóò tì wọ́n dé òpó iná kẹta, yóò sì yí padà." A dé òpó kejì, Àǹtí na ọwọ́ ọ̀tún.

"Yà síbí."

"Àǹtí, òpó kẹta ni wọ́n ní..."

"Ìwọ àti òpó rẹ. Mo ní o yà."

Mo yà. A gba ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì, a kọjá ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti tì pa, ọwọ́ wọn ń júwe, mi ò rí i kó ṣìnà lẹ́ẹ̀kan. Mo bi wọ́n báwo ni wọ́n ṣe mọ ọ̀nà ìlú tí wọ́n ní àwọn ò dé rí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Mo purọ́."

Wọ́n kọjú síwájú, wọ́n sì ń rò ó fún mi. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, tí èmi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ohun tí wọ́n sọ fún wa nílé ni pé wọ́n wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tí wọ́n ń bá wọn tọ́mọ. Irọ́ ni. Ìlú yìí ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kí wọ́n parí, ọ̀gá wọn gbé aṣọ ìyàwó kan fún wọn pé kí wọ́n gé e, ó sì yá wọn ní àlùmọ́gàjí tirẹ̀. Àǹtí mi gé e, ó dùn ún wò, àfi pé ọwọ́ òsì ni wọ́n gé apá méjèèjì fún. Aṣọ òkèèrè ni, kò sì sí èyí tó ṣẹ́kù, bó ti wù kó kéré mọ. Ọ̀gá kò sí nílé. Wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé jáde, wọ́n wọkọ̀. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti rí i pé àlùmọ́gàjí ọ̀gá wà nínú àpò àwọn.

Oníṣirò, Àǹtí yìí kan náà ló kọ́ ọmọbìnrin tó lé ní ogójì níṣẹ́, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí olúkúlùkù. Àwọn fúnra wọn kò ní ìwé ẹ̀rí kankan rí! Àti pé èmi tí mo máa ń dá ọmọ padà sí kíláàsì nítorí máàkì mẹ́ta, èmi náà ni mò ń tì wọ́n lọ.

"Ó wà nínú báàgì yìí," wọ́n ní. "Mo fẹ́ dá a padà. Tá a bá lọ lónìí láì débẹ̀, ta ló tún máa gbé mi wá?"

Mo wo aago. Mo tẹra mọ́ àga títì. Òkè ni ọ̀nà náà láti ìhín dé ọ̀hún.

"O ń mí bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò lépo."

"Ẹ̀yin lẹ jókòó, Àǹtí."

Ilé ọ̀gá náà ní àtẹ̀gùn méjì lẹ́nu ọ̀nà, àga kò lè gùn ún, mo bá dúró sójú gẹ̀rẹ́, mo kígbe pé ẹ ńlẹ́ o. Obìnrin ẹgbẹ́ mi kan jáde, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. Àǹtí bèèrè ọ̀gá.

"Ìyá mi? Wọ́n ti lọ, ó ti lé lógún ọdún."

Ìborí tẹ̀ síwájú díẹ̀. Àǹtí tú àlùmọ́gàjí jáde láti inú aṣọ funfun. "Èmi ni mo gé apá òsì méjì," wọ́n ní.

"Apá òsì wo?"

"Ti aṣọ ìyàwó."

"Màmá, mi ò mọ aṣọ kankan. Ọmọ kékeré ni mí nígbà tí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ pọ̀ níbí." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lóṣòó síwájú àga, ó wo ojú wọn títí. "Àbí ẹ̀yin lẹ máa ń pọ̀n mí? Tí ẹ lọ, tí ẹ ò padà?"

Àǹtí na àlùmọ́gàjí sí i.

"Mi ò mọ ti aṣọ. Ti ilẹ̀kùn ni mo mọ̀. Odidi oṣù mẹ́ta ni ìyá mi ò fi jẹ́ ká ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ní ọmọ yẹn ò mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́."

Mo fẹ́ yípo lọ síwájú, ṣùgbọ́n bí mo bá jọ̀wọ́ àga, etí òkun ni Àǹtí máa bá ara wọn. Mo dì í mú. Ojú obìnrin náà nìkan ni mo rí: ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó fi etí téèpù nu ojú ara rẹ̀. Ó gba àlùmọ́gàjí, ó fi gé òwú kan tó yọ létí apá aṣọ Àǹtí.

"Ó ṣì mú," ó ní.

"Ọdọọdún ni mò ń pọ́n ọn."

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì bóyá ọkàn wọn ti balẹ̀. Wọ́n ní kí n máa wo ihò tó wà níwájú mi. Alága dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ó bèèrè bí afẹ́fẹ́ òkun ṣe rí. Ìyá rẹ̀ ní ó fẹ́ dáadáa. Ó fàmì sí i.

Ọkọ̀ tó yẹ kó gbé wa laago méjìlá kò tíì dé, aago mẹ́ta sì ti lù. Alága ń bá fóònù jà lórí àtẹ̀gùn. Mo wo gbogbo ojú-ewé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, n kò rí i níbẹ̀.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí àwọn ọmọ, kí o sì kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa àtijọ́ bí o bá bá a pàdé níbi tó ti ń gẹrun. Má sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un, ó máa béèrè ìwé ẹ̀rí.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ọwọ́ ń ro,
Tíṣà.

Mo tún ṣí lẹ́tà yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Àǹtí ń sùn níwájú mi báyìí, tàbí wọ́n ń díbọ́n, ẹ̀yìn wọn ni mo ń wò. A ò tilẹ̀ bi obìnrin náà lórúkọ. Ìwọ tó máa ń sọ pé kò sí ìṣirò tí kò ní ìdáhùn: nígbà tó sọ ti ilẹ̀kùn yẹn, báwo ni ojú Àǹtí mi ṣe rí?