Àwòrán Tí O Ti Rẹ́rìn-ín

Ọdún mẹ́rin rèé tí o lọ, Abéèrè, àwòrán tí Màmá sì fi ṣe ìrántí rẹ lọ́dún àkọ́kọ́ ló lé atukọ̀ kan kúrò létí odò tí wọ́n bí i sí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ni wọ́n ní kó kọ ìwé ìrántí tọdún yìí. Àwọn ará yunifásítì ló kọ tàwọn ọdún tó kọjá. Wọ́n pè ọ́ ní ìràwọ̀, wọ́n pè ọ́ ní igi ńlá tó wó. O kì í ṣe igi. Ọmọ ìyá wa ni ọ́, ẹsẹ̀ rẹ máa ń rùn tí o bá bọ́ bàtà, a sì fẹ́ràn rẹ.

Ọdún mẹ́rin! Ọmọ rẹ ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Ó ti wọ yunifásítì, ẹ̀kọ́ tìrẹ gan-an ló sì lọ mú, bí gbogbo wa ṣe pariwo tó pé kó lọ kọ́ iṣẹ́ eyín títún ṣe. Ìyàwó rẹ ti parí ilé. Ó ní bí o ṣe yà á sórí ìwé náà ni kí wọ́n kọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí ìlẹ̀kùn yàrá àti ti ilé ìdáná fi ń kọ lu ara wọn títí di òní. O mọ̀wé, ṣùgbọ́n o ò mọ ilé yà. Tí wọ́n bá ti gbá ara wọn báyìí, ìyàwó rẹ á ní, "Baálé ilé ti dé."

Ó pẹ́ kí a tó mọ iṣẹ́ tí o ń ṣe gan-an. O ní ìwádìí ni, lórí ààbò àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ bi ọ́ pé òkè wo ni wọ́n ń gùn láti ìgbà tí a ti dáyé, tí wọn ò tíì débẹ̀. O wá sọ ọ́ bí èèyàn. O ní ohun tí ìwé àwọn ilẹ̀ ńláńlá ń sọ ni pé ìta ni ọ̀tá ti ń wá, pé bí ìjọba bá ti ní ọmọ ogun àti ìbọn tó pọ̀, ọkàn ará ìlú á balẹ̀. Ìwọ ní kí wọ́n lọ bi àwọn tó ń gbé lẹ́nu ààlà léèrè, ta ni wọ́n ń sá fún. O lọ bi wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ẹni tí wọ́n gbé ìbọn fún pé kó máa ṣọ́ àwọn ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni o fi ayé rẹ kọ. Ó yé wa, kò sì gba gírámà.

Àyà wa ń já nígbà yẹn. Gbogbo ìgbà tí o bá lọ sí ẹnubodè, Màmá kì í lè jẹun kánú. Ìbọn kọ́ ló pa ọ́ o! Lórí àga ọ́fíìsì rẹ ni ọkàn rẹ ti dáwọ́ dúró, lọ́sàn-án gangan, tíì sì wà níwájú rẹ.

O ní òfin kan lẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Ẹni tó bá bá ọ sọ̀rọ̀, o kì í kọ orúkọ rẹ̀. O kì í jẹ́ kí wọ́n ya òun àti ìwọ ní fọ́tò. Bí o bá pàdé rẹ̀ lọ́jà, o kì í kí i. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn lo fi ń pè wọ́n nínú ìwé: Aránṣọ, Awakọ̀, Atukọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ gbọ́ òfin yìí títí ó fi sú wọn. Ilé nìkan ni o kò ti sọ ọ́. Ta ni ì bá rò pé Màmá nílò rẹ̀?

Atukọ̀ yìí ló ń gbé ọ sọdá odò ààlà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ló sọ fún ọ bí ìbọn ṣe ń kọjá lábẹ́ àpò iyọ̀, àti irú àwọn tó wọṣọ ìjọba tí wọ́n ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó bá ń kọjá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni òpó tó gbé ìwé rẹ ró. Ìwé náà kò sì jáde lójú rẹ. Ọ̀rẹ́ rẹ, Ọ̀jọ̀gbọ́n, ló bá ọ parí rẹ̀, ó jáde nígbà tí ọdún kan ikú rẹ ń bọ̀ lọ́nà.

Màmá ń wá àwòrán tí yóò fi sínú ìwé ìròyìn. Gbogbo èyí tó wà nílé, ńṣe lo dijú mágbárí bí ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ rẹ̀. Àfi ìgbà tó tú ẹrù rẹ tí wọ́n kó wá láti ibi iṣẹ́. Ó rí ọ̀kan nísàlẹ̀ àpótí, o wé e sínú áńkáṣíìfù. O jókòó nínú ọkọ̀ ojú omi, o la ẹnu gbàgà, o ń rẹ́rìn-ín débi pé eyín rẹ tó kán nígbà tí o já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́ hàn kedere. Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ó gbé àjẹ̀ dábùú itan, ẹ̀rín ń pa òun náà.

O mọ̀ pé ó yẹ kí o sun àwòrán yẹn. O ò sun ún. A ò bá ọ jà. Èèyàn kì í rí ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́.

Akọ̀wé ilé ìwé ìròyìn bi Màmá bóyá kí òun gé ọkùnrin kejì kúrò, kó lè jẹ́ ìwọ nìkan. Màmá wò ó bí ẹni tó bú u. Ó ní, "Ẹni tó pa ọmọ mi lẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kó jókòó síbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde, ojú méjèèjì mọ́lẹ̀ kedere, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìwọ lo ṣèwádìí lórí ìbọn tó ń gba odò ààlà kọjá. Ìwé rẹ sì wà lórí àtẹ, ó ń sọ ohun tí Atukọ̀ wí. Kò gba ọpọlọ púpọ̀ láti so méjèèjì pọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wá sílé fúnra rẹ̀. Kò gba omi tí a gbé fún un, kò sì tíì jókòó tán tó fi béèrè.

"Màmá, ta ló fi àwòrán yẹn síbẹ̀?"

"Èmi ni," ni Màmá wí. "Òun nìkan ló jọ ọmọ mi."

Ìgbà náà ni a tó gbọ́ nípa òfin rẹ, ìgbà náà ni a sì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyàwó atukọ̀ lọ ra ọṣẹ, ìwé ìròyìn ni wọ́n fi wé e fún un. Ó tú ọṣẹ, ó bá ojú ọkọ rẹ̀ níbẹ̀. Kò dúró gba ṣéńjì. Òun àti ọkọ rẹ̀ kó àwọn ọmọ, wọ́n lọ láì dágbére fún ẹnikẹ́ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tí ọ̀rọ̀ atukọ̀ kàn ti sun ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ èbúté. Ọpẹ́ ni pé òun fúnra rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Àwọn ará yunifásítì wá tu Màmá nínú. Wọ́n ní ó jẹ́ ọ̀kan lára ewu tó máa ń bá irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ rìn. Màmá ní, "Ìwádìí kọ́. Èmi ni." Ó kó gbogbo ìwé ìròyìn ọjọ́ náà tó wà nílé, ó sun wọ́n lẹ́yìnkùlé. Àwòrán gan-an nìkan ló kù. Ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó ń bẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n pé kó mú òun lọ bẹ ọkùnrin náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń fi í falẹ̀. Ọdún tó kọjá ni atukọ̀ fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pé kí ìyá Abéèrè máa bọ̀.

A lọ. Abéèrè, omi kò sí níbẹ̀! Ilẹ̀ pupa ni, kànga wọn gan-an á gbẹ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Ilé ìlagi ni atukọ̀ ti ń bá wọn ṣiṣẹ́, ó ń ru pákó. Lẹ́búlẹ́bú igi kún irun àti ìpéǹpéjú rẹ̀. Màmá fẹ́ kúnlẹ̀, ó yára di apá rẹ̀ mú, ó ní orúnkún Màmá ti dàgbà ju irú eré bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fi wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń sọ àwàdà. Ó ní gbogbo pákó tí òun bá gbé léjìká, òun á kọ́kọ́ wò ó bóyá ó lè ṣe ọkọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀gá fi ń pe òun ní ọ̀lẹ. Ó ní bí ìwọ náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn, o kì í wọ ọkọ̀ láì kọ́kọ́ béèrè irú igi tí wọ́n fi kàn án.

Màmá tú àwòrán náà jáde láti inú gèlè. Iná ló fẹ́ dá sun ún lójú rẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ó tiẹ̀ mú ìṣáná dání. Atukọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wo àwòrán náà pẹ́ títí. Kì í ṣe ojú ara rẹ̀ ló ń wò, kì í sì í ṣe tìrẹ.

"Wọn ò ṣẹ́ pákó kan kù fún mi nínú ọkọ̀ mi," ló wí. "Bó ṣe rí nìyí. Màmá, ẹ má sun ún. Ẹ fún mi."

Bàbá rẹ̀ ló kan ọkọ̀ náà. Ọmọ rẹ, tó bá wa lọ, yọ fóònù pé kí òun kọ́kọ́ yà á kó tó kúrò lọ́wọ́ wa. Màmá ní rárá, pé ọ̀kan ṣoṣo ti tó, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ewu rẹ̀ ló sì yẹ kó wà. Ó fi í sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ kó tó ṣí.

Ìdí nìyí tí kò fi sí àwòrán lórí ìwé yìí, tí a kò sì ní gbé e lọ fún ilé ìwé ìròyìn kankan. Inú pálọ̀ ni a ó ti kà á, ìwọ̀nba àwa. Òfin rẹ ti dé ilé báyìí. Màmá fúnra rẹ̀ ló pe ọmọ rẹ jókòó kó tó jáde lọ ṣe ìwádìí tirẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì tún un sọ fún un bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ọ̀nà ilé.

A ò gbàgbé rẹ, Abéèrè. A ò ní gbàgbé rẹ! Nídìí ìlẹ̀kùn tó ń kọ lu ara wọn, a rántí rẹ. Nídìí tíì ọ̀sán, a rántí rẹ. A fẹ́ràn rẹ bí a ṣe fẹ́ràn rẹ nígbà tí o wà, pẹ̀lú gbogbo ìbéèrè rẹ.

Màmá ń darúgbó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, ó béèrè bóyá apá ọ̀tún ni eyín rẹ tó kán wà, tàbí apá òsì. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ọ̀tún. Ọmọ rẹ ní òsì ni. A jiyàn lé e díẹ̀, a sì fi í sílẹ̀, nítorí kò sí àwòrán kankan mọ́ nínú ilé tí eyín rẹ ti hàn.